Ara Ọmọ Gbóná, Nǹkan Tún Sú Sí I Lára: Ọjọ́ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Fọ́tò ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń yà. Èèyàn á bọ́ṣọ lára ọmọ kó lè wẹ̀ ẹ́, á wá rí i pé nǹkan wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ti sú sí gbogbo àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀, àyà á já, ló bá di ká ya fọ́tò ká fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, sí ọ̀rẹ́, sí gbogbo ẹni tó bá ti bímọ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, kí lẹ rò pé ó jẹ́? Ẹnì kan á ní èéyi ni. Ẹlòmíì á ní ooru lásán ni, ẹ̀kẹta á ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì ni, ẹ̀kẹrin á ní kẹ́ ẹ sáré lọ ra antibáyọ́tíìkì. Kílẹ̀ tó ṣú orí òbí ti dàrú, kò sì tíì sẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Dókítà tó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú, kó tó fọwọ́ kan ọmọ yẹn rárá, ohun tó máa bi yín ni pé ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣáájú, ṣé ara gbígbóná ni àbí ikọ́ àbí èyí tó sú yìí, ta ló sì ṣàìsàn nílé tàbí níléèwé ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 sẹ́yìn. Àwọn nǹkan tó ń sú sọ́mọ lára jọra gan-an, ojú nìkan ò lè ya ọ̀pọ̀ ẹ̀ sọ́tọ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ léra, ìyẹn yàtọ̀ síra.

Kòkòrò àrùn kọ̀ọ̀kan ló ní kalẹ́ńdà tiẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wọ ara ọmọ, ọmọ ò ní mọ nǹkan kan, á máa jẹun, á máa sáré kiri, kòkòrò yẹn náà á máa pọ̀ sí i nínú ara ẹ̀ láìpariwo. Ti ọ̀fìnkìn lásán, ọjọ́ 1 sí 3 ló máa ń gbà kó tó fojú hàn. Ti èéyi, tí àwọn dókítà ń pè ní measles, máa ń tó bí ọjọ́ 10 kí ara tó gbóná, á sì tó bí ọjọ́ 14 kó tó sú. Ti ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ọjọ́ 10 sí 21. Ti ṣégede tó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ọjọ́ 16 sí 18 ló wọ́pọ̀ jù, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 25. Ọmọ mi àgbà ló kọ́kọ́ ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì nílé wa, gbogbo ẹ̀ gbẹ, mo fọ gbogbo aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, mo ní a ti bọ́, ó wá ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ 2 ló tún bẹ̀rẹ̀ lára àbúrò ẹ̀, inú bí mi, mo ń wá ẹni tó tún kó o wálé fún wa látìta, mi ò mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mò ń fọṣọ yẹn ó ti wà lára ọmọ kejì tipẹ́tipẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé ọmọ kejì yìí lọ kí àbúrò mi obìnrin tó wà nínú oyún. Ọlọ́run bá wa ṣe é, òun ti ní in rí nígbà tó wà lọ́mọdé, àmọ́ ká ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ni, mi ò bá jókòó sílé.

Èyí tó tún le jùyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àìsàn yìí ti ń ràn kẹ́ ẹ tó rí ohunkóhun lára ọmọ. Ọmọ tó ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì ti lè kó o ran ẹlòmíì láti ọjọ́ 1 tàbí 2 kó tó sú rárá. Èéyi, ọjọ́ 4 ṣáájú kó tó sú, títí di ọjọ́ 4 lẹ́yìn tó bá sú. Torí náà nígbà tí ẹ bá rí i tẹ́ ẹ wá ń lé àwọn ọmọ yòókù jáde ní yàrá, ó ti pẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti jọ jẹun, wọ́n ti jọ sùn. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀ o, ẹ yà wọ́n, ó ṣì ń dín in kù. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má ṣe bá ìyá ọmọ kan níléèwé jà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ tára ẹ̀ ò yá wá, ó ṣeé ṣe kára ọmọ ẹ̀ yá gágá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Orúkọ pàápàá ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Lédè wa, ibà la ń pe ara gbígbóná, ibà náà la tún ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó síni lára, bọ́mọ bá ti gbóná báyìí ọkàn òbí á ti lọ síbi oògùn ibà. Ara gbígbóná kì í ṣe àìsàn kan lọ́tọ̀, àmì ni, ó ń fi hàn pé ara ń bá nǹkan jà, nǹkan yẹn sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún nǹkan. Níbi tí ibà ẹ̀fọn bá wọ́pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níka ọmọ kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 èsì ti jáde, ìyẹn sàn ju kéèyàn máa fojú díwọ̀n lọ. Àwọn àgbà míì náà sì wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti sú, ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé ṣànpọ̀nná ló dé. Ṣànpọ̀nná ò sí láàárín èèyàn mọ́. Ọdún 1977 lẹni tó kó o kẹ́yìn láwùjọ, ní Sòmálíà, nígbà tó sì di 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò láyé. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí ìyẹn, kẹ́ ẹ lè gbájú mọ́ èyí tó wà níwájú yín.

Èéyi ni mo fẹ́ ká dúró lé dáadáa, torí òun ni àwọn èèyàn máa ń sọ pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, á lọ fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pa ọmọ jù nínú àwọn tó ń sú yìí. Kì í fi èyí tó sú bẹ̀rẹ̀ o. Ara gbígbóná ló máa kọ́kọ́ wá, ó sì máa ń ga gan-an, ikọ́ á wà ńbẹ̀, imú á máa ṣomi, ojú á pọ́n kankan á máa dà, ọmọ ò ní fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lápá ibi tí àwọn eyín ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ wà nígbà yẹn, ẹ lè rí àwọn ohun funfun kéékèèké bí hóró iyọ̀. Ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn tí gbogbo eléyìí ti bẹ̀rẹ̀ ló tó sú, láti ìdí irun orí àti ẹ̀yìn etí, á wá sójú, á sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, àyà, apá, títí dé ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de pípọ́n o! Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú ó lè má pọ́n rárá, ó kàn lè ṣókùnkùn díẹ̀ tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n pé ara ẹ̀ ti rí ṣákaṣàka. Torí ẹ̀, ọmọ tó ti ń wúkọ́ tójú ẹ̀ sì ti pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan kí nǹkan tó sú sí i, ẹ ka èéyi mọ́ ọn títí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe òun.

Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ọmọ tó ní in á wúkọ́ nínú yàrá, á jáde, afẹ́fẹ́ yàrá yẹn ṣì lè kó ran ẹlòmíì fún wákàtí 2. Nínú àwọn 10 tí kò gba abẹ́rẹ́ tí wọn ò sì ṣe é rí, tí wọ́n bá sún mọ́ ọn, 9 ló máa kó o. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pe ọsibítù lórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, kẹ́ ẹ ní ẹ fura sí èéyi, kí wọ́n lè gbà yín sí yàrá ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ má lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ jòjòló lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó máa ń ṣe ọmọ léṣe kọ́ ni èyí tó sú yẹn fúnra ẹ̀, òtútù àyà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, etí ríro, ó lè ba ojú jẹ́, nígbà míì ó máa ń dé ọpọlọ. Ó tún máa ń mú kí ara ọmọ gbàgbé àwọn àrùn tó ti bá jà tó sì ti borí tẹ́lẹ̀, fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn èéyi àìsàn míì á máa rọrùn láti mú un. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì èéyi. Àmọ́ fítámìn A wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fún ọmọ, lónìí àti lọ́la, wọ́n á wọn bó ṣe máa pọ̀ tó sí ọjọ́ orí ẹ̀, ó ń gba ojú là, ó sì ń dín ikú kù. Ọsibítù ni kí wọ́n ti fún un, torí tó bá ti pọ̀ jù ó ń ṣèpalára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ti wà láti ọdún 1963. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, níbi tí èéyi bá ti wọ́pọ̀ wọ́n máa ń fún wọn ní èkíní ní oṣù 9, èkejì ní oṣù 15. Ẹ jọ̀ọ́, èkejì yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé.

Ti ṣíkìnpọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ara lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó lè má tiẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà ló máa sú, àyà, ẹ̀yìn àti ojú ló sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń yún gan-an. Ohun tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀ ni pé kì í sú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń wá ní ìpele ìpele, tẹ́ ẹ bá wo ibì kan ṣoṣo lára ọmọ ẹ máa rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, èyí tó ti di ìléròrò olómi, àti èyí tó ti gbẹ tó ti ní èépá, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Ẹ gé èékánná ọmọ, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un, ìpara kalamáìnì á bá yín dín yíyún kù. Ẹ má fún un ní ásípírìn láé, ó lè fa àìsàn búburú kan tó ń mú ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ lójijì. Ibúpúrófẹ́ẹ̀nì náà, ẹ yẹra fún un nínú ṣíkìnpọ́ọ̀sì, parasítámọ̀ ni kẹ́ ẹ lò tára bá ń ro ó. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ pátá bá ti ní èépá ni kò ràn mọ́, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 5 sí 7. Ọmọdé púpọ̀ ló ń gbà á ní wọ́ọ́rọ́, àmọ́ aboyún tí kò ṣe é rí, ọmọ tuntun, àgbàlagbà, àti ẹni tára ẹ̀ ò lágbára láti bá àrùn jà, ti wọn kì í rọrùn rárá. Tí irú wọn bá ti bá ọmọ náà pàdé, kí wọ́n pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n má dúró kó sú.

Àwọn míì wà tí ọjọ́ nìkan ti tó láti fi dá wọn mọ̀. Ọmọ kékeré tára ẹ̀ gbóná fòfò fún ọjọ́ 3 sí 5, ẹ wá gbogbo ibi ẹ ò rí nǹkan, lọ́jọ́ kan ara wá tutù lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an ni nǹkan pupa wẹ́ẹ́rẹ́ wá sú sí i láyà: àìsàn tí wọ́n ń pè ní roseola nìyẹn, ọ̀pọ̀ òbí ìgbà tó sú ni wọ́n ń sáré, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ló ti fẹ́ tán. Òmíì tún wà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì á pọ́n bíi pé wọ́n gbá ọmọ létí, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti pọ́n báyẹn, kì í ràn mọ́, àmọ́ kí aboyún tó bá wà nítòsí sọ fún dókítà ẹ̀. Àrùn ọwọ́-ẹsẹ̀-ẹnu ní tiẹ̀, ara á gbóná díẹ̀, egbò á yọ sí ẹnu, ìléròrò á yọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà míì ìdí náà. Nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ló ń lò. Fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ máa ń wà nínú ìgbẹ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tára ti yá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fífọ ọwọ́ lẹ́yìn pààrọ̀ pámpásì ṣe pàtàkì ju títi ọmọ mọ́lé lọ. Ohun tó ń gbé ọmọ dé ọsibítù nínú ẹ̀ ni pé ẹnu ń dùn ún, kò mu omi. Ẹ máa fún un ní nǹkan tútù díẹ̀díẹ̀.

Tí ara ò bá gbóná rárá, tó jẹ́ pé yíyún ló pọ̀, pàápàá lóru, láàárín ìka ọwọ́, níbi ìgbànú, tí ẹlòmíì nínú ilé náà sì ti ń họra, ẹ fura sí kúrúnà. Kòkòrò kékeré tó ń gbẹ́lẹ̀ sábẹ́ awọ ara ló ń fà á, àkọ́kọ́ tó bá mú èèyàn ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, torí náà gbogbo ilé ni kó lo oògùn lọ́jọ́ kan náà, àti ẹni tí kò yún. Ó sì lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn oògùn, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Làpálàpá ara, ìpara ń wò ó. Tó bá jẹ́ ti orí, ìpara nìkan ò lè dé ìdí irun, oògùn oníhóró tàbí olómi tí dókítà kọ lọmọ máa gbé mì.

Ìkan wà tí kì í sú rárá tí mò ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ jòjòló, ikọ́ àwúbì. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 àkọ́kọ́ bí ọ̀fìnkìn ló máa rí, ìgbà yẹn ló sì ń ràn jù, lẹ́yìn náà ikọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ léra láìjẹ́ kí ọmọ mí, á fà á lóhùn híìì tó bá fẹ́ mí padà, á sì bì. Ọmọ oṣù 1 tàbí 2 lè má wúkọ́ pàápàá, ó kàn lè dákẹ́ mímí, kí ètè ẹ̀ di búlúù tàbí eérú. Àgbàlagbà tó ní ikọ́ tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ 3 ni ó sábà máa ń kó o wá fún ọmọ tuntun. Ẹ ṣàlàyé fún àlejò tó ń wúkọ́ pé kó má gbé ọmọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Ó yá, ọmọ ti wà nílé, kí lẹ máa ṣe? Oògùn antibáyọ́tíìkì kì í pa fáírọ́ọ̀sì, kò sì ní nǹkan kan ṣe nínú èéyi, ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ṣégede tàbí ọ̀fìnkìn, àyàfi tí bakitéríà bá tún wọlé tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun dídùn tó ń mú kí ara ọmọ sú ṣákaṣàka, kí ahọ́n ẹ̀ pọ́n kó rí háhá, bakitéríà ló fa ìyẹn, antibáyọ́tíìkì sì ni oògùn ẹ̀, ẹ lò ó pé. Ẹ rí i pé fọ́tò ò lè pinnu èyí fún yín. Parasítámọ̀, ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, miligíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ọmọ kílò 10 á lo 100 sí 150, kó tó wákàtí 4 sí 6 kẹ́ ẹ tó tún un fún, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara ìgò dáadáa torí èyí tó ń kán tótótó fún ọmọ ọwọ́ sábà máa ń lágbára ju èyí tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n lọ, àṣìṣe ibẹ̀ yẹn pọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, omi tó ń jáde lára ni ká dá padà: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ má sọ iyọ̀ di púpọ̀. Kí wọ́n tún fún un ní síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ máa fún un lóúnjẹ.

Bí ara ṣe gbóná tó kọ́ ló ń sọ bí àìsàn ṣe le tó. Ọmọ lè wà ní 39.5 lórí tẹmọ́mítà kó máa ṣeré, ọmọ míì á wà ní 38 kó rọ jọwọrọ, èyí tó rọ yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àfi ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3, tí tẹmọ́mítà bá ti ka 38 fún òun, ọsibítù ni, kẹ́ ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́. Èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí náà, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì: kò lè mu ọmú tàbí omi, gbogbo ohun tó jẹ ló ń bì, ó ń sùn tí kò ṣeé jí, gìrì mú un, ọrùn ẹ̀ gan, àwùjẹ ẹ̀ wú, kò tọ̀ fún wákàtí 8, tàbí kí nǹkan pupa tó bíi ẹ̀jẹ̀ sú sí i lára tẹ́ ẹ bá fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ tí kò pa rẹ́. Mímí ẹ̀ náà, ẹ ká aṣọ ẹ̀ sókè nígbà tó bá dákẹ́, ẹ ka bí ikùn ẹ̀ ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tó bá pé 60 ó ti yá jù. Oṣù 2 sí 11, 50. Ọdún 1 sí 5, 40. Tí abẹ́ ìhà ẹ̀ bá sì ń wọnú tó bá mí, ẹ má kà á mọ́, ẹ máa lọ.

Tí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe ìka, kì í ṣe oògùn, ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ pe ẹni tó máa gbé yín lọ kíákíá. Tó bá tiẹ̀ dáwọ́ dúró kíákíá, kí dókítà ṣì wò ó.

Ìbéèrè tó máa ń kẹ́yìn ni ìgbà wo ló lè padà síléèwé. Èéyi, lẹ́yìn ọjọ́ 4 tó ti sú. Ṣégede, lẹ́yìn ọjọ́ 5 tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ní èépá. Ikọ́ àwúbì, lẹ́yìn ọjọ́ 5 tó ti ń lo antibáyọ́tíìkì, tí kò bá lò ó, ọ̀sẹ̀ 3. Ìgbẹ́ gbuuru, kó pé wákàtí 48 tó ti dá. Kúrúnà, lẹ́yìn tó bá ti lo oògùn àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún olùkọ́ ẹ̀ ohun tó ṣe é, kí àwọn òbí yòókù lè bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ tiwọn, pàápàá ẹni tó lóyún láàárín wọn tàbí ẹni tó ní ọmọ tuntun nílé. Kẹ́ ẹ sì mú ìwé pélébé kan àti káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dání nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ tára kọ́kọ́ gbóná, ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó sú àti ibi tó ti kọ́kọ́ sú, oògùn tẹ́ ẹ ti fún un àti aago tẹ́ ẹ fún un.